Ẹran Tó Wà Lókè Ààrò Mi

Másẹ̀,
Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹran rẹ dé.

Àlàbí ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Mọ̀nsúrátù ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí a ò tíì mọ ojú rẹ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Èmi ò sùn. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́wọ́, mi ò sì ní fa igi lé e, nítorí pépà tó wà nílé ò pọ̀.

Ẹran tí o fi rán ọlọ́kadà sí mi dé lánàá, kí oòrùn tó wọ̀. Itan màlúù gidi ni, ewé lo fi wé e, o sì fi okùn dì í dáadáa bí aránṣọ tí o jẹ́. Ẹ ṣeun, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ìyá wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn pé ọmọ òun rántí òun? Ṣùgbọ́n mi ò tíì sè é. Mo gbé e kọ́ sókè ààrò, èéfín ń rú sí i lára, mi ò sì tíì fẹnu kàn án. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ kí n tò ó, nítorí bí mo bá ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀, wàá ní màmá ti tún dé, wàá sì ká ìwé náà sápò.

Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, wàá ti ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń pè mí." Mọ̀nsúrátù á sì wà nítòsí rẹ, á máa gbọ́ ohùn mi. Nítorí náà ni mo ṣe wá bíìkì ìkọ̀wé tí mo fi kọ́ ìwé kíkà láàárín àwọn àgbà, tí ẹ̀yin ọmọ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn pé kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe nìyí. Bí ìlà mi bá wọ́, fara dà á.

Láti ìgbà tí o ti fi ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí o kó ìyàwó rẹ lọ sí Kpúlú, tí ẹ kọ́lé sórí ilẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ fún yín, ọkàn mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra Kpúlú. Àna rere lo ní. Àwọn tó lè gé ilẹ̀ fún ọkọ ọmọ wọn ò pọ̀, pàápàá ọkọ tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa níbí, bí o bá ṣe ohun tí kò dára, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ á bú ọ, wọ́n á bú mi mọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á bu oúnjẹ fún ọ. Àwọn àna ò ní bú ọ. Wọ́n á kàn máa wò ọ́ ni. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo rántí ọjọ́ tí o pè mí nípa màlúù yìí. Ariwo lo fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, owó ẹran màlúù ti já wálẹ̀ lọ́jà! Àwọn Fúlàní ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní okùn lọ́wọ́!"

Mo ní, "Ìwọ náà ti wá okùn?"

O ní, "Mo ti mú márùn-ún."

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Bí ó bá tún wọ́n, màá tà wọ́n. Bí kò bá wọ́n, a ó máa pa á jẹ. A ò ní ra ẹran lọ́wọ́ alápatà mọ́. Ìkómọ gan-an, inú agbo tèmi ni màá ti mú ẹran."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ dùn láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láti ẹnu ẹlòmíràn, ní Ìkpinlẹ̀, nínú ilé bàbá mi. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn èyí tó kéré.

Ìkíní, má ra ẹran nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Béèrè ohun tó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú. Nígbà mìíràn koríko ló gbẹ, àwọn darandaran ò fẹ́ kí màlúù wọn rù tán kí wọ́n tó tà á, gbogbo wọn á wá kó o wá sọ́jà pọ̀. Ìyẹn ò burú, ọjà ni. Ṣùgbọ́n láàárín èyí tó ń bọ̀ nítorí koríko, èyí tó ń bọ̀ nítorí àìsàn á yọ́ wọ̀ ọ́. Wo imú rẹ̀ bóyá ó tutù. Wo ìgbẹ́ rẹ̀, má tijú. Èyí tó bá dá dúró sẹ́yìn, tí àwọn yòókù ń jẹ tí òun ń wolẹ̀, má fà á wálé, ì báà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Àti pé, Àlàbí, ta ni ó fẹ́ jẹ màlúù kan tán? Ìwọ, ìyàwó rẹ, àti ọmọ tí kò tíì léyín? Ewúrẹ́ ni ìdílé lè jẹ tán. Àgùntàn, adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹ lè pa á, kí ẹ jẹ ẹ́ tán kí ó tó bàjẹ́. Bí o bá pa màlúù, o gbọ́dọ̀ wá àwọn tó máa rà nínú rẹ̀. Bí ẹran màlúù bá sì ti wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́jà, ta ló máa wá rìn dé ẹ̀yìnkùlé rẹ wá ra tìrẹ? Ẹran tí ó bá ti pọ́ọ́kú fún ọ láti rà á, yóò pọ́ọ́kú fún àwọn náà láti má rà á lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ kí o ronú lórí ìyẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rí màlúù rẹ̀ tà, tí kò sì lè jẹ ẹ́ tán, bí àìsàn bá kọ lu èyí tó sanra jù nínú wọn, ojú rẹ̀ á dúdú, á sì máa wá ohun tí kò yẹ kó wá.

Ìkejì, èèpo ẹ̀gẹ́. O sọ fún mi pé àwọn obìnrin tó ń dín gàrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, pé èèpo ò ní wọ́n yín. Ohun tí mo gbọ́ tí mo dìde dúró nìyẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ ní Másẹ̀ níbí, mo ní ewúrẹ́ kan tí mo fẹ́ràn bí ojú. A ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, mo sì da èèpo tútù sílẹ̀ fún un, mo rò pé mò ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni. A ò tíì dín gàrí náà tán tí ewúrẹ́ mi ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Sá èèpo náà sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa, kí ó máa dún bí o bá fọwọ́ rún un, kí o tó fún ẹran jẹ. Má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó ti gbẹ tán. Fọwọ́ rún un fúnra rẹ.

Ìkẹta, okùn. Nígbà tí àgbàdo bá ń hù, so ẹran rẹ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kórè tìrẹ, má tú wọn sílẹ̀ nítorí pé tìrẹ ti wọlé. Lọ wo oko àwọn àna rẹ. Ẹni tó fún ọ ní ilẹ̀ ò ní fẹ́ sọ fún ọ pé màlúù rẹ ti jẹ àgbàdo òun. Á sọ fún ìyàwó rẹ. Ìyàwó rẹ ò sì ní sọ fún ọ. Ibo ni ọ̀rọ̀ náà á wá gbà?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wo ẹran tó wà lókè ààrò. Ó ti ń dúdú díẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná, òórùn rẹ̀ ń dùn, ológbò ilé kejì sì ti wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo lé e. Mi ò mọ bóyá ẹran náà ni mò ń ṣọ́ fún ológbò ni àbí ológbò ni mò ń ṣọ́ fún ẹran náà.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tí o kò bá láyé, ẹlẹ́mu ni. Ó ń gun ọ̀pẹ káàkiri ẹ̀yìn Ìkpinlẹ̀, ó sì ń bọ Ògún. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, Sùlé, tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Sùlé gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sì sí ìjà kankan lórí rẹ̀. Ẹmu wà ní yàrá ìhín, kẹ́tùlù àlùwàlá wà ní yàrá ọ̀hún. Sùlé ò fẹnu kan ẹmu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì bi í léèrè. Níbi ẹran ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Kò sí ẹran tí a pa nínú ilé wa, adìyẹ o, òbúkọ o, tí kì í ṣe Sùlé ló mú ọ̀bẹ. Bàbá mi á di ẹran náà mú, Sùlé á ní Bísímílà, á dúńbú rẹ̀, gbogbo wa á sì jẹ nínú ìkòkò kan náà. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn, ìwọ pàápàá mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ àti Mùsílíù ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ṣe ń ṣe báyìí. Mo máa ń wò yín bí ẹ bá ń pa adìyẹ fún mi níbí, ìwọ ní ìyẹ́, òun ní ọ̀bẹ, mo sì máa ń rántí wọn.

Ní ọdún kan ẹran màlúù já wálẹ̀ báyìí, bàbá mi náà ra màlúù. Ó fi wọ́n sí gàá lọ́dọ̀ Fúlàní kan tó mọ màlúù tọ́jú dáadáa, tó ń fún wàrà rẹ̀, tó ń mú nínú ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ohun gbogbo ń lọ geerege. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ènìyàn wa. Níbi tí wọ́n bá ti ń mu ẹmu, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́mu, màlúù rẹ tí a ń gbọ́, ṣé ojú ni kò ní ni, tí kì í jẹ́ ká rí i?" Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ sí gàá, ó fa akọ tó ga jù nínú wọn wálé, ó so ó mọ́ iwájú ilé níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà á ti rí i. Darandaran náà tẹ̀ lé e dé ìdajì ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, màlúù yìí ò mọ oúnjẹ ilé. Oko ló mọ̀." Bàbá mi ń fa okùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé ti da èèpo tútù sí i lẹ́nu, wọ́n ń fi í ṣeré. Èmi ti tó ọmọge nígbà yẹn. Èmi ni bàbá mi ní kí n sáré lọ pe Sùlé wá láti oko. Mo sáré débi tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ ni mo fi juwe fún un. Ó mú ọ̀bẹ, a jọ sáré padà.

Nígbà tí a dé, màlúù náà wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, eṣinṣin sì wà nínú ojú náà tí kò ṣẹ́jú.

Bàbá mi ní, "Sùlé, yára, ó ṣì ń mí!"

Sùlé dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ."

"Kò tíì lọ! Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù náà mú, tó ń mì ín. Gbogbo wa rí i.

Sùlé ní, ohùn rẹ̀ ò ju kí a gbọ́ lọ, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe eléyìí sí mi."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Lójú àwọn ọmọ mi? Èmi tí mo tọ́ ọ?"

Kí ni kí ó ṣe, Àlàbí? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní Bísímílà, ó fi ọ̀bẹ gba ọrùn rẹ̀. O ti rí ẹ̀jẹ̀ ẹran tó wà láàyè, bó ṣe máa ń tú jáde, tó máa ń ta sí ènìyàn láṣọ. Èyí ò ta. Ó rọra ń ṣàn bọ̀, ó dúdú, ó dúró. Sùlé wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọ̀bẹ tirẹ̀ ni, ó máa ń fọ̀ ọ́ mú lọ sí yàrá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò mú un.

Wọ́n ta ẹran náà. Wọ́n tà á fún Mùsùlùmí, wọ́n tà á fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, wọ́n ní Sùlé ló pa á, kò sì sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí gbogbo ayé mọ ọwọ́ Sùlé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ta òkúǹbete.

Kò bá bàbá mi jà. Ì bá dára kó bá a jà. Ó ń kí i láràárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀, bí okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ bá fẹ́ já, á bá a wá òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Mo ti yó." Àárọ̀, mo ti yó. Alẹ́, mo ti yó. Ọdún, ìgbéyàwó tèmi, mo ti yó. Nígbà tí bàbá mi kú, Sùlé ló gbẹ́ ilẹ̀, Sùlé ló sunkún jù, ó sunkún débi tí àwa ọmọ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo gbé omi fún un nínú igbá. Omi lásán. Ó gbá mi lórí mọ́ra, ó ní, "Mo ti yó, ọmọ mi." Títí tí òun náà fi lọ, kò jẹun nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ mọ́.

O rí i, mi ò sọ ìtàn yìí fún yín rí. Ojú ń tì mí nítorí bàbá mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á fún ìgbà díẹ̀ lórí ẹran kan.

Ó yá, Àlàbí, gbọ́ ohun tó gba oorun lójú mi.

Ọlọ́kadà tó gbé ẹran wá lánàá, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ láti ìgbà tó ti sọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹun o, ẹran tútù ni! Wọ́n sáré pa á ni. Láti àárọ̀ ló ti dùbúlẹ̀. Mùsílíù ò sí nílé, ọmọ yín ní kí n lọ gbé e wá láti Ìkpinlẹ̀ kíákíá. A sá eré, màmá, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú! Nígbà tí a máa fi dé..."

Ó wá dákẹ́.

Mo ní, "Nígbà tí ẹ máa fi dé ńkọ́?"

Ó ń wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n pa á, màmá. Dàkọ́ọ̀, ó dáa, mò ń lọ, wọ́n ń dúró dè mí."

Mo ní kó padà wá ní ọ̀sán òní wá gba lẹ́tà. Ó ní òun gbọ́. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Mi ò fi ẹ̀sùn kàn ọ́. Mo fi ojú inú wo ohun gbogbo, mo ní bóyá màlúù náà ń mí dáadáa nígbà tí wọ́n dé, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí ọ láṣọ, tí Mọ̀nsúrátù sì ń bú ọ lórí aṣọ náà. Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà lè dákẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sáré lọ pe Sùlé. Mo mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń gùn tó nígbà tí ẹran bá wà nílẹ̀.

Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo ní, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ gbogbo èyí. Nígbà tí Mùsílíù dé, ṣé ẹran náà wà láàyè?

Bí ó bá wà láàyè, wá sí Másẹ̀ kí o wá sọ ọ́ fún mi lójú, màá gún iyán, a ó sì jẹ ẹran yìí pọ̀ títí ikùn wa á fi dún. Màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, wàá sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dé ìkómọ.

Bí kò bá wà láàyè, má wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ Mùsílíù ni kí o lọ. Má ṣe rán Mọ̀nsúrátù. Má mú ẹ̀bùn dání. Má sọ fún un pé èèpo ni, pé ọjà ni, pé ẹran já wálẹ̀ tí ọkàn rẹ fi dàrú. Sọ fún un pé o fi ipò àgbà rẹ, o fi àna tí ẹ jọ jẹ́, o fi ilẹ̀ tí o ń gbé lórí rẹ̀ mú un lọ́ranyàn. Rárá, o kéré sí i, mo gbàgbé. Òun ni àgbà. Nígbà náà, báwo lo ṣe rí i mú? Bóyá nítorí pé Mọ̀nsúrátù wà ní ipò tó wà, tí Mùsílíù ò fẹ́ kí ọkàn àbúrò rẹ̀ bàjẹ́. Mo ti rò ó títí, ibẹ̀ ni mo máa ń dé. Ẹran tó bá kù nílé yín, gbẹ́ ilẹ̀ kó o bò ó, má jẹ́ kí ajá pàápàá rí i hú. Èyí tí o bá ti tà, padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó rà á. Màlúù tó kù, kó wọn lọ sí gàá lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní. Jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé màlúù rẹ ò lójú.

Nípa ìkómọ, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Àgbò mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, o mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń kan ìlẹ̀kùn. Mo ti ń fi èèpo gbígbẹ àti ewé bọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé Mọ̀nsúrátù ti lóyún. Mùsílíù ni kó dúńbú rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí gbogbo wa láṣọ. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn bá àwọn ará ìyá rẹ̀ àti àwọn ará bàbá rẹ̀ nídìí ìkòkò kan náà. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ láyé yìí.

Jẹ́ kí n dúró níbí, nítorí mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Mùsílíù ni. Òní ni ọjọ́ tó máa ń wá ra epo ní Másẹ̀, ẹ̀wà sì wà lórí iná fún un láti àárọ̀. Kò tíì kọjá níwájú ilé mi rí láìjẹ ẹ̀wà mi. O mọ̀ ọ́n, kó tó kí mi ló ti máa ń béèrè, "Màmá, ṣé ó ti jinná?" Á fi gàrí lé e lórí, á jẹ, á tún ní kí n fi díẹ̀ sí i. Jẹ́ kí n lọ bù ú fún un.

Mo padà dé. Ó ti lọ.

Kò béèrè bóyá ó ti jinná. Èmi ni mo sọ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó béèrè ara mi, ó béèrè orúnkún mi. Mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, mo bu epo sí i, mo gbé gàrí tì í. Ó gbójú sókè wo òkè ààrò, ó sì yára gbé ojú náà kúrò. Ó ní, "Ẹ ṣé, màmá. Mo ti yó."

Mi ò dúró de ìdáhùn rẹ mọ́. Mo ti sọ ẹran náà kalẹ̀, mo ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọlọ́kadà wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de ìwé yìí. Mùsílíù ní òun máa yà ní Ìkpinlẹ̀ kí òun tó wálé, bí o bá dìde báyìí, wàá ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ dè é.

Ẹ̀wà ni mo gbé fún un, Àlàbí. Kò sí ẹran nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ.